Itọ́ Ni àbí Ìtọ̀? Àgbéyẹ̀wò Bó Ṣe Yẹ Ká Kọ Ìwé Ìlànà Iṣẹ́ ní Yorùbá

Ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kà nínú ìwé ìtàn lè padà sẹ́yìn kó tún un kà, nǹkan kan ò bàjẹ́. Bó bá jẹ́ ìlànà lílo oògùn ló ṣì kà, tàbí àlàyé bí wọ́n ṣe ń so wáyà iná mọ́ ẹ̀rọ, ara rẹ̀ tàbí owó rẹ̀ ni yóò fara gbá a. Nítorí náà, gírámà àti àmì tó tọ́ wà lára iṣẹ́ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá ṣe. Ẹni tó bá kà wọ́n sí ẹ̀ṣọ́ lásán kò tíì ro ti òǹkàwé.

Gbàgádà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń kan aráàlú lójoojúmọ́. Ilé ìwòsàn gbogbogbòò ti ìjọba wà níbẹ̀, ibùdó ìtọ́jú ọkàn àti kíndìnrín sì wà nínú ọgbà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá àti kékeré wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó ń wọ irú ibi bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa tán. Bí ẹnì kan bá wá jókòó láti kọ ìkìlọ̀ tàbí ìlànà fún wọn ní Yorùbá, ìbéèrè mélòó kan ń dúró dè é. Ṣé gbogbo àmì ohùn ni yóò fi sí i? Ibo ni yóò ti ya ọ̀rọ̀ kan kúrò lára èkejì? Ibo ni kọ́mà ń lọ? Kí ni yóò pe ohun tí àwọn baba wa kò rí rí? Ìdáhùn oríṣiríṣi ló wà nílẹ̀ sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní àwọn tó ń gbèjà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi yàrá àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀. Ìtọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò. Itọ́ ni omi ẹnu. Yọ àmì ohùn kúrò, ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì di, àmì ìsàlẹ̀ tó wà lábẹ́ ọ kò sì yà wọ́n. Ẹni tó bá kọ "Ẹ gbé itọ yín wá láàárọ̀" ti fi apá kan iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí aláìsàn máa fi méfò.

Bí àkọtọ́ ṣe dé ibi tó dé

Samuel Ajayi Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, gírámà rẹ̀ sì jáde ní 1852. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ní 1875 àwọn ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè náà. Àkọtọ́ tó tibẹ̀ jáde ni Bíbélì àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ lò fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Òun ló fún wa ní "aiye", "enia", "yio", "nã" àti "nlọ".

Ní 1965 Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé kan jáde lórí àkọtọ́ Yorùbá, ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ ohun tí a ń kọ kò bá ohun tí a ń sọ mu. Ìgbìmọ̀ àkọtọ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé kalẹ̀ ní 1966 jábọ̀ ní 1969, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Ibẹ̀ la ti rí ayé, ènìyàn, yóò, náà àti ń lọ. Àkọtọ́ yìí yanjú ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Kò fòpin sí àṣà àtijọ́: àdúgbò tó múlé ti Gbàgádà ṣì ń jẹ́ Shomolu lára pátákó kan, Somolu lára òmíràn, Ṣómólú tó bá àkọtọ́ mu sì ṣọ̀wọ́n.

Àwọn tó ní kí gbogbo àmì pé

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní àwọn yunifásítì, àwọn olùkọ́ inú Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè, àti púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ìwé ilé ẹ̀kọ́ wà níhìn-ín. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà náà wà níbẹ̀: ìwé àti ìwé ìròyìn wọn ní Yorùbá máa ń gbé àmì ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn sì fi hàn pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe fún ìwé tó pọ̀ tó ń jáde déédéé.

Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ohùn wà nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá bí lẹ́tà ṣe wà nínú rẹ̀, pé ẹni tó bá yọ ọ́ ti yọ apá kan ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń gbè wọ́n lẹ́yìn jù. Oníná tí wọ́n ní kó bó wáyà yóò ṣí rọ́bà ara rẹ̀ kúrò. Èyí tí wọ́n ní kó bo wáyà yóò fi nǹkan dì í. Iṣẹ́ méjèèjì lòdì síra wọn pátápátá, ohùn nìkan ló sì yà wọ́n. Bákan náà, "tí iná bá tàn" àti "tí iná bá tán" kò lè jẹ́ ìlànà kan náà fún ẹni tó ń lo bátìrì oòrùn. Oògùn ni à ń lò, òógùn ló ń jáde lára. Ọgbọ̀n ni nọ́ńbà, ọgbọ́n ni ti orí. Kò sí àmì ìsàlẹ̀ tó lè gbani lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ wáyà yẹn tún kọ́ wa ní ohun kan tí àwọn tó ń ṣàtakò kì í sábà fiyè sí. Bò ni ọ̀rọ̀ ìṣe náà, ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Tó bá ti ṣíwájú ọ̀rọ̀ orúkọ, ohùn rẹ̀ á gòkè sí àárín, a ó sì kọ ọ́ láìlámì: bo wáyà. Nínú àkọtọ́ Yorùbá, àìsí àmì jẹ́ àmì. Ó ń sọ fún òǹkàwé pé ohùn àárín nìyí. Òǹkàwé kò sì lè gba ìyẹn gbọ́ àfi tí àmì yòókù bá pé.

Ìpẹ̀kun agbára wọn nìyẹn. Àìlera wọn náà kò kéré. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ Yorùbá dáadáa ni kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó sì ń kọ́ni ní àmì ohùn rí ti fi í sílẹ̀ fún ìdánwò nìkan. Àmì tí a ṣì fi sórí ọ̀rọ̀ lè burú ju àìsí àmì lọ, nítorí òǹkàwé tí kò rí àmì yóò ronú, èyí tó rí àmì yóò gbà á gbọ́. Ìwádìí sì wà tó kìlọ̀ fún wọn. Ní 1999 Steven Bird tẹ iṣẹ́ jáde lórí èdè Yemba ní Kamẹrúùnù, níbi tó ti rí i pé àmì ohùn kíkún ń fa ìwé kíkà sẹ́yìn dípò kó ràn án lọ́wọ́. Yemba kì í ṣe Yorùbá, ètò ohùn rẹ̀ díjú ju tiwa lọ, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń fi àmì sí i sì yàtọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní dandan ni kí àmì ran òǹkàwé lọ́wọ́ níbi gbogbo gbọ́dọ̀ dáhùn ìwádìí yìí.

Àwọn tó ní àmì ìsàlẹ̀ ti tó

Àṣà oníwèé ìròyìn nìyí, ó sì ti pẹ́. Bíbélì àtijọ́ tẹ̀ lé e dé ìwọ̀n kan, ìwé ìròyìn Aláròyé náà sì mú un lò fún ọ̀pọ̀ ọdún: ẹ, ọ àti ṣ pé, àmì ohùn ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó fara mọ́ ọn ń sọ pé ọmọ Yorùbá ló ń ka ìwé náà, pé ohùn ti wà létí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó yí gbólóhùn ká yóò sì tọ́ ọ sọ́nà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń ka Aláròyé láìkọsẹ̀, kò sì yẹ ká fojú tín-ín-rín ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń já sílẹ̀ ni ìwé ìlànà gan-an. Ìròyìn ní ìpínrọ̀ mẹ́wàá tó lè là á yé òǹkàwé ẹni tó ṣe kí ni. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò oògùn lè má ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ. Kò sí ohun tó yí i ká tí òǹkàwé lè gbára lé, bẹ́ẹ̀ sì ni òǹkàwé ìwé ìlànà sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí. Bó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kì bá tí kà á.

Àwọn tó ní àmì níbi tó bá pọn dandan nìkan

Àárín méjì ni àwọn wọ̀nyí dúró sí. Fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó lè ṣini lọ́nà, fi ìyókù sílẹ̀. Ó dùn-ún gbọ́, ó ń dín iṣẹ́ kù, ojú ìwé kì í sì í kún fún àmì. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe é, bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n ní ìlànà tàbí wọn kò mọ̀.

Èmi kò rò pé ó bá ìwé ìlànà mu, ìdí méjì ló sì fà á. Èkíní, ta ni yóò sọ ibi tó pọn dandan? Ẹni tó kọ gbólóhùn mọ ohun tó ní lọ́kàn, ojú rẹ̀ kò sì lè rí ìtumọ̀ kejì tí àlejò yóò rí. Èkejì ni ohun tí a sọ lókè nípa àìsí àmì. Tí àmì bá wà lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú mẹ́wàá, kí ni "igba" tí kò ní àmì jẹ́? Ṣé igba, ìyẹn 200, ni, àbí ìgbà tí òǹkọ̀wé kò fi àmì sí ni, àbí igbá tí a fi ń bu omi? Ọ̀nà àárín yìí ba ètò tí àmì kíkún gbé kalẹ̀ jẹ́, kò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ohun kan tó lè gbà á là ni àkójọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn fẹnu kò lé lórí pé dandan ni àmì lórí wọn. Ní ti ìwé oògùn tàbí ìwé iná, irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kò ní gùn.

Fóònù àti kọ̀ǹpútà

Àwọn tó ń fi gbogbo àmì sílẹ̀ kì í sábà gbèjà ara wọn ní ìlànà. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹjọ́ wọn kò ṣófo.

Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, tí ilé ìwòsàn àti báńkì fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Lẹ́tà 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà, tí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ bá ti wà nínú àkójọ ìpìlẹ̀ tí GSM ń lò. Àkójọ náà ní à, è, é, ì, ò àti ù. Kò ní á, í, ó àti ú. Kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Bí ẹyọ kan nínú àwọn tí kò sí níbẹ̀ bá wọ inú ọ̀rọ̀, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà yóò bọ́ sí ètò mìíràn, ààyè inú rẹ̀ yóò sì dín kù sí 70. Ohun tó yẹ kó lọ nínú ẹyọ kan lè di mẹ́ta, owó rẹ̀ á sì di mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ tó ń fi ìránnilétí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn kò ní fi ojú kékeré wo ìyẹn.

Lórí kọ̀ǹpútà, Unicode ní kóòdù fún ẹ, ọ àti ṣ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò ní kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà ni a óò kọ́kọ́ kọ, kí a tó fi àmì ohùn lé e. Ìdí nìyí tí àmì fi máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú fọ́ǹtì kan, tí yóò sì di àpótí òfìfo nínú òmíràn. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé lè má rí i bó tilẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà tẹ̀ ẹ́.

Ìtura ti ń dé sí i. Túndé Adégbọlá àti ilé iṣẹ́ Alt-I rẹ̀ ní Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe mọ èdè wa. Kọ́lá Túbọ̀sún dá YorubaName.com sílẹ̀ ní 2015, ètò náà sì pèsè bọ́tìnnì ìkọ̀wé Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Ní 2018 Iroro Orife tẹ iṣẹ́ jáde lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè dá àmì padà sórí Yorùbá tí wọ́n kọ láìlámì. Àwọn kan ti wá ń sọ pé kí òǹkọ̀wé kọ ọ́ lásán, kí ẹ̀rọ fi àmì sí i. Fún ìwé ìtàn, bóyá. Fún ìlànà oògùn, ẹ̀rọ tó ń méfò kò sàn ju aláìsàn tó ń méfò lọ, àfi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Ká so ó pọ̀ àbí ká yà á

Àríyànjiyàn lórí ìpín ọ̀rọ̀ kò lókìkí tó ti àmì ohùn, ó sì ń dá òǹkọ̀wé lágara jù ú lọ. Nítorí pé ni àbí nítorípé? Nígbà tí àbí nígbàtí? Àkọtọ́ òde òní fẹ́ kí á yà wọ́n, ọ̀pọ̀ ṣì ń so wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìṣe bíi bàjẹ́ tún le ju èyí lọ: a so ó pọ̀ nínú "ẹ̀rọ náà bàjẹ́", ó sì pín sí méjì nínú "ó ba ẹ̀rọ náà jẹ́". Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ fún ìwé ìlànà gbọ́dọ̀ pinnu bóyá ẹyọ kan ni tàbí méjì.

Àwọn àgbà kan ṣì ń fi àmì kékeré sókè láàárín l' àti ọ́jọ́. Àkọtọ́ òde òní ti pa á tì: lọ́jọ́. Àwọn mìíràn fẹ́ kí ìwé ìlànà sá fún ìsúnkì pátápátá, kí a kọ "ní ọjọ́ kẹta" dípò "lọ́jọ́ kẹta", torí pé ẹni tí kò kàwé púpọ̀ yóò tètè dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀. Mo fara mọ́ wọn níbi tí nọ́ńbà tàbí orúkọ ohun èlò bá wà. Níbi yòókù, ìsúnkì ni ohùn wa, gbólóhùn tí kò ní i rárá a máa dún bí ìwé òfin.

Ibi tó gbóná jù ni ohùn òkè tó máa ń wà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀ ìṣe. Ó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu: "Ẹ̀rọ ó dúró". Ṣé ká kọ ọ́, àbí ká kọ "Ẹ̀rọ dúró"? Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì, tí wọ́n kọ gírámà méjì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ̀, ní 1966 àti 1978, kò ṣàlàyé ohun tó jẹ́ bákan náà. Fún ìwé ìlànà, ìṣòro rẹ̀ ni pé "ó" yẹn tún lè jẹ́ ìkékúrú yóò. Ẹ̀rọ tó ti dúró àti ẹ̀rọ tí yóò dúró kì í ṣe ohun kan náà fún ẹni tó fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé kí a kọ yóò tán pérépéré níbi tó bá ti jẹ́ ọjọ́ iwájú, láìdúró de ìgbà tí àwọn onímọ̀ yóò fẹnu kò.

Kọ́mà, fúlísítọ́ọ̀pù àti nọ́ńbà

Ẹgbẹ́ kan gbà pé kí á gba àmì ìdánudúró Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe rí. Ẹgbẹ́ kejì ń sọ pé Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn: ṣé àti ǹjẹ́ ti fi hàn pé ìbéèrè ni, ni ti fi hàn ohun tí a tẹnu mọ́, bá ti fi hàn pé ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni. Wọ́n tún ń sọ pé kọ́mà lè ba ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe wa jẹ́. "Gbé ìgò náà wá fún mi" kò fẹ́ kọ́mà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbólóhùn yìí: "Ẹ má fọwọ́ kàn án tí iná bá dé ẹ pe oníná." Tí kọ́mà bá wà lẹ́yìn kàn án, ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án rárá, ìgbà tí iná bá dé ni kí ẹ pe oníná. Tí kọ́mà bá wà lẹ́yìn dé, ìgbà tí iná bá wà nìkan ni ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Òǹkàwé tó yan èkejì nígbà tí òǹkọ̀wé fẹ́ èkíní lè kú. Bá wà níbẹ̀, kò sì ràn án lọ́wọ́. Ohun tó dára ju kọ́mà lọ ni kí a pín in sí gbólóhùn méjì, kí a fi tí ṣáájú: "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Tí iná bá dé, ẹ pe oníná."

Nọ́ńbà náà ní àríyànjiyàn tirẹ̀. Orúkọ ni Yorùbá fi ń ṣáájú: wákàtí mẹ́jọ, ṣíbí méjì. Àwọn kan wá ń kọ "wákàtí 8", àwọn kan "8 wákàtí" bí Gẹ̀ẹ́sì. Èkíní ni ẹnu ń kà láìfà sẹ́yìn. Nínú ìlò oògùn, "méjì lẹ́ẹ̀mẹta" àti "méjì-méjì lẹ́ẹ̀mẹta" kò ye gbogbo ènìyàn bákan náà. Kí a kọ àárọ̀ méjì, ọ̀sán méjì, alẹ́ méjì ló dáa jù, ó gùn ni, ṣùgbọ́n kò ní ìtumọ̀ kejì. Àwọn tó ń rí sí ààbò oògùn kárí ayé sì ti kìlọ̀ tipẹ́ pé kí a máa kọ 0.5, kí a má kọ .5 lásán, kí a sì má kọ 5.0 níbi tí 5 ti tó, nítorí àmì kékeré yẹn tí ojú kò rí lè sọ ìwọ̀n oògùn di ìlọ́po mẹ́wàá.

Orúkọ ohun tuntun

Bí gírámà bá tọ́ tán, ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ṣì lè má yé ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ ká ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ láti inú Yorùbá, èkejì fẹ́ ká yá a kí a sì kọ ọ́ bí ẹnu wa ṣe ń pè é. Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dojú kọ èyí ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní apá méjì, ti 1984 lábẹ́ Bámgbóṣé, ti 1990 lábẹ́ Awóbùlúyì, ìyẹn fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni.

Ìwé wọ̀nyí wúlò fún olùkọ́. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní tirẹ̀ ti ní súwìtì, wáyà, bátìrì àti jẹnẹrétọ̀, kò sì sí ẹni tó máa gbà wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá a máa ṣàlàyé ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a yá a máa yé ẹni tó ti ń lo nǹkan náà. Ohun tó ń ba ìwé ìlànà jẹ́ jù ni kí òǹkọ̀wé pe nǹkan kan ní orúkọ méjì nínú ojú ìwé kan náà.

Òdìkejì ààlà

Kétu tó wà ní Kòsọ́fẹ́ àti Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, wọ́n sì jọ ń sọ Yorùbá. Wọn kò jọ ń kọ ọ́ bákan náà. Àkọtọ́ tí Bẹ̀nẹ̀ ń lò láti 1975 fi ɛ àti ɔ rọ́pò ẹ àti ọ, ó fi kp rọ́pò p, sh rọ́pò ṣ. Ó ní àǹfààní kan tí a kò gbọdọ̀ fojú fò: bí àmì kò bá sí lábẹ́ lẹ́tà, àmì ohùn kan péré ló kù láti gbé sókè. Àléébù rẹ̀ ni pé ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn yóò ṣàjèjì sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Bẹ̀nẹ̀.

Nọ́ńbà burú jù bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, 1,500 ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Ní Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀ lé àṣà Faransé, ẹyọ kan àti ààbọ̀ ni. Ìwé ìlànà tó bá fẹ́ gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ yẹra fún kọ́mà nínú nọ́ńbà.

Àwọn tó ní gbólóhùn kúkúrú ni oògùn rẹ̀

Ẹgbẹ́ kan tún wà tí kò bìkítà púpọ̀ nípa àmì. Wọ́n ní kí a kọ gbólóhùn kúkúrú, ìgbésẹ̀ kan nínú gbólóhùn kan. Àwọn tó ń ṣe bàálù ti ní ìlànà Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀, ASD-STE100, tó ní kí gbólóhùn ìgbésẹ̀ má ju ọ̀rọ̀ ogún lọ. Ní 2023 àjọ ISO gbé ìlànà 24495-1 jáde lórí èdè tó rọrùn fún ìwé ní èdè gbogbo. Ọ̀nà yìí bá Yorùbá mu dáadáa, ó sì ń dín ìṣòro kọ́mà kù. Kò lè yanjú itọ́ àti ìtọ̀. Bí gbólóhùn ṣe kúrú tó ni ọ̀rọ̀ tó yí i ká ṣe kéré tó, àmì ohùn á sì wá ṣe kókó sí i.

Ohun tí kò tíì yanjú

Mẹ́rin ló ṣì wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni òǹkàwé fúnra rẹ̀. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2018 sọ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè abínibí ní 2022, ó sì wọ́gi lé e ní oṣù kọkànlá 2025. Ẹni tó ń kọ ìwé ìlànà fún ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀ kò lè sọ iye òǹkàwé tí yóò mọ àmì ohùn kà.

Èkejì ni ohùn òkè olùwà àti ìpín ọ̀rọ̀, tí àkọtọ́ 1974 kò pa ẹnu gbogbo onímọ̀ pọ̀ lé lórí. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ tó ń dá àmì padà: ta ni yóò dáhùn bó bá fi àmì tí kò tọ́ sórí ìwọ̀n oògùn? Ẹ̀kẹrin ni pé àkọtọ́ òde òní ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sì sí àkójọ kan tí gbogbo ènìyàn gbà fún ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ iná tí àmì wọn kò gbọdọ̀ yẹ̀. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kó ṣáájú, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ kéré, ènìyàn tó sì máa gbà là pọ̀.

Títí di ìgbà náà, mo bẹ gbogbo ẹni tó ń kọ Yorùbá fún ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́: níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ara, iná tàbí owó, ẹ fi gbogbo àmì sí i, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn tí kò mọ ohun tí ẹ ní lọ́kàn kà sókè kó tó jáde.